Ìgbín Oníhòòhò

Tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́;
kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún ìgbín Oldham.
Ebè mẹ́rin ni mo kọ, mo fún irúgbìn
tó bá Mọ́rẹ́nikẹ́ wá láti Ìgbájọ
nínú ìbọ̀sẹ̀ ọmọ rẹ̀.
Ó hù. Mo yọ̀, mo ya fọ́tò rẹ̀.
Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn ló ṣẹ́gun:
ó ku kùkùté wẹ́wẹ́ bí eyín ọmọ ọwọ́,
àti ipa itọ́ tó ń dán lórí ilẹ̀
bí ẹni fi fàdákà kọ̀wé:
a ti jẹun, ó dìgbà.

Ìgbín tiwa nílé, a mọ̀ ọ́n.
Ó nílé lẹ́yìn, ó níyì lọ́bẹ̀.
Ti ibí yìí bọ́ra sílẹ̀ goloto,
ó dú bí ọ̀dà, ó gùn bí ìka,
kò sanwó ilé fẹ́nikẹ́ni.
Òjò ló bí i, òjò ló ń tọ́ ọ,
òjò Oldham kò sì mọ ọjọ́ ìsinmi.

Mo da èèpo ẹyin yí ebè ká. Wọ́n gorí rẹ̀ kọjá.
Mo da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí sí i;
bóyá òun ni kò jẹ́ kí wọ́n sùn.
Ìyá mi lórí fóònù: "Ṣé kò síyọ̀ ní London ni?"
(Gbogbo òkè òkun, London ni lójú ìyá mi.)
Mo wọ́n iyọ̀ sí ẹyọ kan.
Ó hó. Ó ká. Ó ń hó síbẹ̀.
Mo gbé iyọ̀ padà sí kíṣìnì,
n kò sì lè jẹun alẹ́ ọjọ́ náà.

Bàbá Clegg tó ń dáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní
"Bíà ni. Ri ife mọ́lẹ̀, wọn á mutí kú."
Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe tò ní ṣọ́ọ̀bù, agolo bíà mẹ́rin lọ́wọ́,
tí ìyàwó díákónì tò sẹ́yìn mi.
"Ìgbín ni mo rà á fún," mo ní.
Ó wo agolo. Ó wojú mi.
"Olúwa á ṣàánú,"
ó sì sanwó búrẹ́dì rẹ̀.

Aago mọ́kànlá òru, bàtà òjò, tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu,
mò ń ṣà wọ́n sí garawa bí ẹni ń he àgbálùmọ̀.
Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Mo kà wọ́n.
Mo gbé wọn lọ sígbó ẹ̀bá ojú irin,
mo dà wọ́n síbẹ̀, mo ní ẹ dákun, koríko pọ̀ níbí.
Bàbá Clegg rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́:
"Wọ́n mọ̀nà ilé jù ọ́ lọ."
N kò dá a lóhùn.
Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti rílé kẹ́yìn.

Kùkùté kan tún ti rúwé, ewé méjì,
ọ̀kan ti lu. Mo gé ìgò omi oníke,
mo fi dé e mọ́lẹ̀.
Nígbà tílẹ̀ mọ́, èémí rẹ̀ ti bo inú ìgò
bíi fèrèsé yàrá tí èèyàn sùn sí.
Lẹ́yìn ìgò, lápá ọ̀dọ̀ mi,
ẹyọ kan ń gùn ún bọ̀,
pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.