Ìdí Mẹ́tàdínlógún

Ní Tromsø, nínú oṣù tí oòrùn kì í yọ,
àwa mẹ́rin jókòó yí tábìlì kan ká,
Ragnhild, Eivind, Sunniva, èmi,
à ń tún ètò tó ń darí àwọn ọkọ̀ ojú omi kọ.
Ẹ̀rọ kan ń bá wa kọ ọ́.
Kì í sùn, kì í mu kọfí, kì í bínú,
ṣùgbọ́n àràárọ̀ ló ń dé bí ẹni tí kò dé rí.
Ojú àlejò tóbi, kò fi ríran.

Ó bá ìlà kan pàdé nínú iṣẹ́ àtijọ́:
dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún.
Kò sí àlàyé, kò sí orúkọ ẹni tó kọ ọ́.
Ó ní, "Èyí ń fi àkókò ṣòfò. Ṣé kí n yọ ọ́?"
Èmi ni mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni.
Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, kí ẹ má baà di ẹ̀bi ru ẹ̀rọ:
èmi ni mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni,
búrẹ́dì wà ní ọwọ́ mi kejì.

Lọ́jọ́ kẹta, ọkọ̀ aago mẹ́fà lọ kí bọ́ọ̀sì tó dé.
Obìnrin mẹ́ta àti bàbá arúgbó kan
tí wọ́n ń lọ fọ ẹ̀jẹ̀ wọn nílé ìwòsàn
dúró ní èbúté nínú yìnyín,
wọ́n ń wo iná ọkọ̀ bó ṣe ń kéré lọ.
Kò sẹ́ni tó kú.
Ọ̀kan nínú wọn kọ lẹ́tà sí wa, ìlà méjì péré.
N kò ní sọ ohun tó wà níbẹ̀.

Ragnhild pe Oddvar, tó ti fẹ̀yìn tì sí erékùṣù rẹ̀.
Ẹja ló ń là. A gbọ́ ọ̀bẹ lórí pákó.
"Mẹ́tàdínlógún? Áà.
Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kó yìnyín kúrò lójú ọ̀nà òkè.
Aago ọwọ́ mi ni mo fi kà á, ìgbà òtútù méjì gbáko.
Mẹ́rìndínlógún kò tó. Tó bá di méjìdínlógún, omi á ti yí padà."
Eivind ní, "Kí ló dé tí o kò kọ ọ́ sílẹ̀?"
Ọ̀bẹ dákẹ́.
"Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n nígbà náà."

Gbogbo wa: ọ̀kan wà ní Oslo,
ọ̀kan wà nísàlẹ̀ ilẹ̀,
ọ̀kan kò rántí orúkọ ara rẹ̀ mọ́.
Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.
Ọdún mọ́kànlá ni nọ́ńbà yẹn fi jẹ́ Kúmólú lójú wa,
a kò bèèrè ẹni tí ikú mú.

Ní báyìí, Sunniva ń kọ ìdí sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan.
Àlejò ń kà á kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun.
Lánàá ó dúró níwájú ìlà mìíràn:
"Kí nìdí tó fi jẹ́ mẹ́ta níbí?"
A wo ara wa lójú.
Ragnhild gbé fóònù.
Ó ń dún ní erékùṣù náà,
ó ń dún,
a sì ń tẹ́tí sí ọ̀bẹ.