Ènìyàn Mẹ́rìnlá

Èmi ni wọ́n ní kí n wá ibi tí a ó ti jẹun,
torí pé n kò lọ́kọ, n kò lọ́mọ,
wọ́n ní àyè gbà mí.
Màmá Réjeanne yóò pé ọgọ́rin ọdún lọ́jọ́ Sátidé,
a ó sì jẹ́ mẹ́rìnlá, pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ Fabienne,
ní ìlú Montréal, nínú oṣù kejì,
nígbà tí yìnyín ga dé orúnkún,
tí owó sì fà dé ọrùn ẹsẹ̀.

Mo mú bébà, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀.
Driss, ọkọ àbúrò mi, kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀,
kì í sì í jẹ ẹran tí a kò pa bí ẹ̀sìn rẹ̀ ṣe wí.
Maëlle kì í jẹ ohunkóhun tó bá ní ìyá.
Wàrà ńkọ́? Ó ní ọmọ màlúù ló ni ín.
Oyin ńkọ́? Ó ní ta ló gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn oyin?
Búrẹ́dì máa ń wú Huguette níkùn bíi bọ́ọ̀lù.
Normand, ẹ̀gbọ́n mi, ní oúnjẹ tí kò lẹ́ran nínú,
ìpanu ni, kí wọ́n yéé pè é ní oúnjẹ.
Thierry, ọmọ ọdún méje: ẹ̀pà.
Ẹyọ ẹ̀pà kan péré, ẹ̀pa ò ní í bóró mọ́.
Mo fa ìlà pupa sábẹ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Mo pe ilé oúnjẹ tó wà lẹ́bàá ibùdókọ̀ ojú irin,
wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní epo ẹ̀pà làwọn fi ń dín gbogbo rẹ̀.
Mo pe ti ẹran sísun:
ewébẹ̀ tí wọ́n ní kò ju èyí tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ ẹran lọ.
Mo pe ti ewébẹ̀ nìkan, Normand ní òun á dúró sílé.
Ọ̀kan dára, ó dára débi pé mo ti ń yọ̀,
kí n tó rántí bèèrè: àtẹ̀gùn mélòó?
Mọ́kàndínlógún.
Orúnkún Màmá kò lè gun mẹ́ta.
Òmíràn ní dọ́là márùndínláàádọ́ta lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan,
omi ò sí níbẹ̀.

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Mo jẹ ẹyin díndín lórí ìdúró.
Mo ní bóyá bí ẹbí ṣe ń túká nìyí,
láìsí ìjà, oníkálukú kàn di àwo tirẹ̀ mú.

Driss ló padà rántí ilé ará Lẹ́bánónì kan,
láàárín ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́ àti ẹni tó ń fọṣọ.
Mo lọ wò ó lọ́jọ́rú, yìnyín ti yọ́ sínú bàtà mi.
Ọ̀gbẹ́ni Ghassan ka bébà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀,
ìka rẹ̀ dúró lórí ìlà pupa.
Kò sọ pé kò séwu.
Ó mú mi wọ ilé ìdáná,
ó ń ṣí ìkòkò fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan.
Dọ́là méjìdínlógún. Kò sí àtẹ̀gùn,
àfi ilẹ̀kùn kan tó máa ń há.

Ní Sátidé, a to tábìlì mẹ́rin pọ̀, wọn ò ga dọ́gba.
Normand jẹ ìgbá sísun tí Maëlle tì síwájú rẹ̀,
ó ní kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀.
Thierry jẹun. À ń wo ètè rẹ̀. Ó tún jẹ.
A mí.

Ìgbà náà ni Màmá ṣí báàgì rẹ̀,
ó yọ fúláásìkì kan jáde,
ọbẹ̀ ẹ̀wà tó sè láti àná, ó ti tutù.
"Mo gbọ́ pé oúnjẹ ìgboro ti wọ́n," ó ní,
"eyín mi ò sì gba nǹkan líle mọ́."

Mo yọ bébà mi wò lábẹ́ tábìlì.
Orúkọ mẹ́tàlá ló wà níbẹ̀, tèmi náà wà,
ti ọmọ ọwọ́ pàápàá: ọmú ìyá rẹ̀ nìkan.

Ọ̀gbẹ́ni Ghassan kò bèèrè nǹkan kan.
Ó gba fúláásìkì náà lọ́wọ́ rẹ̀,
ó lọ bá a gbé ọbẹ̀ kaná.