Eyín Gírédà

Kò sí èyí tó ń dùn mí.
Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Jọláadé kí ó tó tì mí wọ mọ́tò,
mo tún sọ ọ́ nígbà tí a kọjá Ọjà Ọba,
mo tún sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn eyín ní Òkè-Ìjẹ̀bú.
Ó ní, "Bàbá, ṣé ìgbà tí àpò bá ń rùn
lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ń tú u wò?"
Ọmọ ẹni ò ṣe é bá jiyàn:
abẹ́ òrùlé wa ló ti kọ́ èdè gírédà.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi yẹ kókò wò,
láti Ìdànrè dé Ìjù, láti Òwenà dé Bọ́lórundúró.
Mo mọ bí a ti ń fi irin gún àpò níhà,
bí a ti ń fi ọ̀bẹ la èso sí méjì lọ́kọ̀ọ̀kan
láti wo èyí tó bu, èyí tí kòkòrò ti sọ di ilé.
Àgbẹ̀ á dúró tì mí, á máa gbé itọ́ mì,
á ní, "Ọ̀gá, inú ẹ̀ mọ́."
Mi ò dá a lóhùn rí.
Irin nìkan ni mo ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu.

Dókítà ọ̀hún kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún.
Akíndáhùnsí ni wọ́n kọ sáyà aṣọ rẹ̀.
Ó kúnlẹ̀ kí mi tán,
ló bá ní kí n fẹ̀yìn lélẹ̀, kí n la ẹnu.
Àga ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀
bí ìgbà tí wọ́n ń sọ garawa sí kànga.
Iná là sí mi lójú,
dígí tí kò ju kọ́bọ̀ lọ wọlé,
irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tẹ̀ lé e.

Ó ń tẹ eyín lọ́kọ̀ọ̀kan, nọ́ọ̀sì ń kọ ọ́:
èyí dára. Èyí dára. Èyí ò sí ńbẹ̀ mọ́.
Mo fẹ́ wí fún un pé ẹ̀kùrọ́ ló gbé e lọ,
pé ìyá Jọláadé fi ṣe mí ní yẹ̀yẹ́
títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a.
Ṣùgbọ́n ta ní ń pìtàn pẹ̀lú ìka èèyàn lẹ́nu?
"A-a," ni mo wí.
Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà."

Ó mú irin mìíràn, ó ń wọn ẹ̀bá èrìgì,
ọ̀kan, méjì, mẹ́ta;
nígbà tó débi mẹ́rin, ó dánu dúró.
Mo mọ irú ìdákẹ́ yẹn.
Èmi náà ti dá irú rẹ̀ rí lórí àpò ẹlòmíràn.
Òógùn yọ ní àtẹ́lẹsẹ̀ mi.

"Kì í ṣe ohun ńlá, Bàbá.
Ìdọ̀tí ló ti le mọ́ ẹ̀yìn eyín yín,
a ó ha á kúrò."
Ẹ̀rọ ń kùn bí yànmùyánmú tó wọni létí,
omi ń tú, ọ̀pá kan ń fa itọ́ mi mu.
Ó ta mí níbì kan. Ibì kan péré.
Mo tutọ́: ẹ̀jẹ̀ díẹ̀,
àti ègé kan tó dà bí ẹrẹ̀ tó gbẹ sára ọkọ́.

Mo ní orín ata ni mo ń lò láti kékeré.
Kò bá mi jà. Ó ní orín dára,
àmọ́ kò lè dé kọ̀rọ̀ tí ọwọ́ mi kì í mú un dé.
Ó fi òwú kan hàn mí, bí a ṣe ń rọra fà á
gba àárín eyín méjì.

Ó ku ìbéèrè kan.
Mo tún fìlà mi dé, mo ní,
"Dókítà, gíréèdì kelòó?"
Kò yé e. Jọláadé ló túmọ̀ rẹ̀,
ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín.
"Gíréèdì kejì, sà. Ṣùgbọ́n a ò ní dá àpò padà.
Ẹ tún wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà."

Gíréèdì kejì!
Àgbẹ̀ mélòó ni mo ti kọ irú rẹ̀ fún,
tí mo sì yíjú síbòmíràn.

Nígbà tí a dé Alágbàká, Jọláadé ra ẹ̀pà,
ó nawọ́ rẹ̀ sí mi. Mo ní ó di alẹ́.
Ahọ́n mi ṣì ń rìn lẹ́yìn eyín,
ó ń wá ẹrẹ̀ tó ti bá gbé fún ogún ọdún,
kò rí i,
ó tún padà lọ wò.