Lórí Òṣùwọ̀n Kòkó

Mo ra ilé tó ní táyà.
Kùtọnu ló ti wá, funfun bí ẹyin pẹ́pẹ́yẹ,
fèrèsé mẹ́rin, bẹ́ẹ̀dì kan,
àti òórùn ẹlòmíì nínú kọ́bọ́ọ̀dù.
Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi gbẹ̀bí ní ọsibítù l'Óǹdó.
Nígbà tí ìjọba ní kí n lọ sinmi,
mo ní kí n gbé yàrá ìgbẹ̀bí tọ aboyún lọ
sí àwọn abà ẹ̀yìn Òwènà, níbi tí ọ̀kadà ti ń bẹ̀rù ẹrẹ̀.

Dáṣọ̀n ọkọ mi wà lábẹ́ igi ọsàn.
Adìyẹ ti ń yé sẹ́yìn rẹ̀ látọjọ́ tí Akíndúró ti lọ,
ṣùgbọ́n bí o bá yí kọ́kọ́rọ́,
á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, á dáhùn.
Mo wà á lọ bá Fèyíṣará, wẹ́ẹ́dà tó wà ní Yaba.
Mo ní, "Jó ìkọ́ mọ́ ọn nídìí. Ọ̀la ni mo ń lọ."

Kò mú iná. Ṣọ́ọ̀kì ló mú.
Ó ní ká ti ilé náà dé sítọ́ọ̀ Adétìmẹ́hìn tó ń ra kòkó,
sórí òṣùwọ̀n tí gbogbo àgbẹ̀ ń ṣépè fún.
Táyà ọ̀tún. Táyà òsì. Lẹ́yìn náà, ẹnu ìdè.
Ó ń kọ ọ́ sára ògiri:
"Ogún àpò kòkó, òfìfo.
Omi ńkọ́? Gáàsì? Bẹ́ẹ̀dì irin? Aboyún ńkọ́?"
Mo ní aboyún á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Kò rẹ́rìn-ín.
"Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.
Ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ ìdí ọkọ̀ tó àpò mẹ́ta.
Bó bá fúyẹ́ jù, ìrù á máa fì bí ajá tó ń gbọn omi;
bó bá wúwo jù, ọkọ̀ á gbójú sókè,
ọwọ́ dírẹ́bà á máa darí afẹ́fẹ́."

Gbogbo wa la mọ̀ pé ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.
Ta ló ti gbé eku lé òṣùwọ̀n rí?

Inú bí mi. Mo ní Dáṣọ̀n yìí
ti fa ọkọ̀ onígẹdú yọ nínú ẹrẹ̀ Ilé-Olújì.
Ó ní, "Màámi, á fà á. Á fà á gun òkè.
Ìsàlẹ̀ òkè ni mò ń wò.
Fífà ò ṣòro. Dídúró ni.
Ẹrù tí kò ní búrèèkì tirẹ̀,
ẹ̀yìn ló ti ń pàṣẹ."
Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó fi sípánà kan irin;
ìpẹtà dà sílẹ̀ bíi gààrí.

Ibẹ̀ ni Akíndúró ti dé ọkàn mi.
Ọkùnrin kúkúrú, owó oṣù tíṣà.
Ọmọ ẹ̀gbọ́n mẹ́rin, ìyá rẹ̀, ìyá mi,
òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, gbèsè àbúrò,
gbogbo wa la so kọ́ ọ nídìí, ó ń fà.
"Kò rẹ̀ mí," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Ó gun gbogbo òkè.
Ọ̀sán Ọjọ́rú kan, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ó ṣubú.
Èmi nọ́ọ̀sì, mo wọn ìfúnpá gbogbo àdúgbò.
N kò wọn tirẹ̀.

Hílọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ onígẹdú ló fa ilé náà lọ ní Jímọ́ọ̀,
búrèèkì tirẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀,
ṣéènì méjì kọjá ara wọn lábẹ́
bí apá ẹni tí òtútù ń mú.
Mo ń wò ó nínú gíláàsì, ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́.
Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òwènà, ewúrẹ́ já sọ́nà;
dírẹ́bà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.
A dúró. Ilé náà dúró.
Kò tì wá.

Dáṣọ̀n ti padà sábẹ́ igi ọsàn.
Láàárọ̀ yìí, ẹyin mẹ́ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀.
Mo fi méjì sílẹ̀ fún un.