Èèkàn Mẹ́rin

Mẹ́rin ni èèkàn tó di ìbòjú sípíkà mú,
wọn kò tóbi ju èékánná ọmọdé lọ.
Méjì ti kán.
Ọ̀kan kán lọ́jọ́ tí Eluned fà á láti nu eruku,
tó ní, "Idwal, ohun tó ń kọrin kò yẹ kó dọ̀tí lójú."
Ìkejì, èmi ni mo kán an,
lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí mo fẹ́ tì í padà
pẹ̀lú ọwọ́ tí mo fi la òkúta fún ọdún mọ́kàndínlógójì.
Ọwọ́ tó mọ òkúta kò mọ ike.

Láti ìgbà náà ni aṣọ dúdú náà ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan
bí fìlà ọ̀mùtí.
Bí ohùn bá ti rinlẹ̀, a máa gbọ̀n, a máa ṣe kẹrẹ-kẹrẹ-kẹrẹ,
bí eyín àgbà tí òtútù mú.
Trefor, ará ilé kejì, ní kí n ra tuntun.
Mo ní èèkàn ni mo ní ó kán, n kò ní sípíkà kú.
Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti kógbá wọlé tipẹ́,
ọkọ̀ ni wọ́n ń gbé sí ibẹ̀ báyìí.

Lónìí, òjò ń rọ̀,
ṣùgbọ́n ta ló ń ka òjò ní Blaenau?
Mo tẹ́ táwẹ̀lì sórí tábìlì ìdáná,
mo da ìbòjú náà dé, mo wo ibi tó ti kán.
Kùkùté èèkàn ṣì wà nínú ihò,
ó há síbẹ̀ bí ọ̀rọ̀ tí a kò rí sọ.
Mo fi ẹ̀mú fà á, kò wá.
Mo mú ẹnu dírììlì tó tín-ín-rín jù lọ,
ìka ni mo fi ń yí i, n kò so ó mọ́ iná,
nítorí iná a máa kánjú.
Díẹ̀díẹ̀, ike di ìyẹ̀fun,
kùkùté fi ilé sílẹ̀.

Ó wá ku ohun tí n ó fi rọ́pò.
Igi ìṣáná: ó rọ̀ jù.
Ìṣó: á la férémù.
Ike bírò: kò wọlé, bí ẹsẹ̀ nínú bàtà ẹni ẹlẹ́ni.
Mo ṣí àpò òwú Eluned,
n kò mọ ohun tí mo ń wá níbẹ̀.
Abẹ́rẹ́ ìhunṣọ rẹ̀ yọjú, ti oparun,
ó ń dán níbi tí àtàǹpàkò rẹ̀ ti ń nù ún.
Mo fi wọn ihò.
Ó wọlé bí ẹni tí wọ́n ti ń retí.

Márùn-ún ni wọ́n.
Mẹ́rin di ìbọ̀sẹ̀ kan mú, aláwọ̀ eérú,
tó ti kọjá ojúgun, tí kò ì tíì dé gìgísẹ̀.
Ìkarùn-ún ló ń hun.
Ìkarùn-ún ló wà lọ́wọ́ mi.
Mo mọ ẹsẹ̀ tí ìbọ̀sẹ̀ náà ń lọ bá.
Mo gbé kẹ́tùlù ka iná. Mo pa iná. Mo tún tàn án.
Ológbò wò mí, ó wo abẹ́rẹ́, ó jáde sínú òjò.

Mo gé e.
Ẹ̀ẹ̀mejì, ìdajì íǹṣì, ìdajì íǹṣì.
Mo fi pépà oníyanrìn fá orí wọn,
mo po àtè lórí ìdérí ìgò jáàmù,
mo gbìn wọ́n, mo sì fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n dúró.
N kò fọwọ́ kàn wọ́n títí ilẹ̀ fi mọ́.
Ìyẹn gan-an ló le jù.

Ní àárọ̀ mo tì í: tá, tá, tá, tá.
Mo tan rédíò, ọkùnrin kan ń sọ iye owó àgùntàn
láìsí eyín tó ń gbọ̀n lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀.
Heulwen, ìyàwó Trefor, gbé búrẹ́dì wá,
ó rí àjẹkù abẹ́rẹ́ lórí tábìlì, kò ju ìka lọ.
Ó ní kúkúrú náà ń hun ìbọ̀sẹ̀,
pé ó kàn máa ń pẹ́ ni.
Mo wo ẹsẹ̀ mi.
Mo fa àga kejì jáde fún un.