Oko Ìwádìí

Màmá mi bi mí lórí fóònù, oko wo ni mò ń lọ láràárọ̀.
Mo ní oko ìwádìí ni, lẹ́yìn Luling, ní Tẹ́sáàsì.
"Kí lẹ ń gbìn níbẹ̀?"
Mo wúkọ́ èké. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ṣàánú mi, ó já.

A kì í gbìn. Ènìyàn là ń tẹ́ sórí koríko,
àwọn tó buwọ́ lùwé lójú ayé wọn
pé bí àwọn bá kú, kí a má sin àwọn.
Wendell Krajicek, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ọmọléèwé,
kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù tirẹ̀:
"Ẹ má tì mí mọ́nú àpótí. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi jókòó nínú páànù."
Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mo wọ ìbọ̀wọ́,
mo so nọ́ńbà mọ́ ọn lọ́rùn ẹsẹ̀.

Iṣẹ́ tèmi ni ìdin.
Mo ń fi rúlà wọ̀n wọ́n bí aránṣọ tó ń wọn ọmọdé tí kò dúró jẹ́ẹ́.
Eṣinṣin ò mọkú, jíjẹ ni tiẹ̀,
ṣùgbọ́n ó mọ aago.

Lọ́jọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, igún balẹ̀.
Ẹyọ kan.
Lẹ́yìn náà, ogójì.
Kámẹ́rà tá a so mọ́ igi kédárì rí gbogbo rẹ̀:
kílẹ̀ tó ṣú, egungun nìkan ló kù, ó mọ́ tónítóní.
Dókítà Treviño wo fídíò náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.
"Ká ní inú igbó ni mo ti bá egungun yìí,
oṣù mẹ́fà ni ǹ bá pè é. Ǹ bá búra lé e."

Ó kúkú ti búra rí, ní kóòtù, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan.
Mo rí i tó ń fi ìka ka nǹkan lórí tábìlì,
ó dé orí ìkẹrin, ó dúró:
ọkùnrin kan tó wí títí ohùn fi há pé
ní oṣù Kẹta tí wọ́n ní òun pa á, obìnrin náà ṣì ń ra wàrà.
"Wá bá mi gbé fáìlì," ó ní.

Láàárọ̀, Màmá tún pè. Igún kan ṣì wà lórí òpó wáyà,
ó na apá sóòrùn bí ẹni sá aṣọ.
"O ò tíì sọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń gbìn."
Mo ní, "Ọjọ́ ni, Màmá. Ọjọ́ tó sọnù là ń wá."
Ó dákẹ́ díẹ̀.
Ó ní ṣé mo ti jẹun.