Ejò Tó Kù Nínú Ìgò

Ní Ògòtún, lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́ tí lẹ́tà kì í dé mọ́,
Òsúntúyì ní ṣọ́ọ̀bù kan tí kò fẹ̀ ju balùwẹ̀ lọ.
Ìgò wẹẹrẹ-wẹẹrẹ tò sórí pákó bí ọmọ iléèwé,
gbogbo wọn dé fìlà dúdú, wọ́n ń dúró de ìpè.
Ìyá mi mú mi dání lọ síbẹ̀ ní Sátidé kan.
Ó tú gèlè, ó tú ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn,
ó ní láti oṣù kẹfà lòun ò ti lè fara da ohunkóhun lọ́rùn,
ooru a máa gun òun láti àtẹ́lẹsẹ̀ bí iná inú pápá,
oorun ò sì ṣe òun ní nǹkan,
jíjí ló burú.

Òsúntúyì kò gbé nǹkan lé e láyà.
Ó bi í pé: "Ẹ̀gbẹ́ wo? Ọ̀tún ni, àbí òsì?"
Ó bi í pé: "Kí lẹ máa ń rí lójú àlá?"
Ìyá mi wo èékánná rẹ̀ títí.
Ó ní: "Ejò."

Ọdún mọ́kànlá rèé tí paramọ́lẹ̀ ṣán Abà mi
nídìí igi kòkó tí òun fúnra rẹ̀ gbìn.
Ọ̀kadà gbé e kọjá Ìgbàrà-Odò.
Ọsibítù àkọ́kọ́ ò ní abẹ́rẹ́ tí ń pa oró;
èkejì ní in, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ fìríìjì
wà lápò ẹni tó lọ síbi ìsìnkú.
Bí òkú kan ṣe ránṣẹ́ pe òkú mìíràn nìyẹn.
Láti ọjọ́ náà ni ìyá mi ò ti hun ẹní onígun-mẹ́rin mọ́,
èyí tí àwọn oníbàárà Àkúrẹ́ fẹ́ràn jù,
torí ẹ̀yìn paramọ́lẹ̀ gan-an ló jọ.
Ẹni ejò ṣán rí, wọ́n ní bó rí ekòló a sá.
Ìyá mi ò sá fún ekòló.
Ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń sá fún.

Òsúntúyì nawọ́ sókè, ó mú ìgò kan.
"Lákésì. Ejò ilẹ̀ òkèèrè ni. Oró rẹ̀ la fi ṣe èyí."
Mo dìde. Kẹ́mísìrì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Adó,
mo mọ ìṣirò rẹ̀: ẹ̀kán kan nínú ọgọ́rùn-ún,
ẹ̀kán kan láti inú ìyẹn sínú ọgọ́rùn-ún mìíràn,
ó dìgbà mẹ́wàá, ó dìgbà ọgbọ̀n,
títí ejò yóò fi bọ́ awọ, bọ́ eegun, bọ́ orúkọ.
Mo ní: "Bàbá, kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀."
Ó rẹ́rìn-ín. "Kí ló wá ń bà yín lẹ́rù?"
Lẹ́yìn náà ó fi ìka kan ilẹ̀kùn:
"Bí ejò bá ṣán yín lóòótọ́, ẹ má yà síbí o.
Ẹ sáré gba ọsibítù lọ. Súgà mi ò mọ ìyẹn-ùn ṣe."
Ìyẹn ló jẹ́ kí n tún jókòó.

Hóró márùn-ún, funfun, kò ju ẹyin èèrà lọ.
Ìyá mi lá wọn. Ó ní: "Ejò tó dùn!"
Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀,
ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ ohun tí a ò bi í rí:
bàtà rọ́bà kan ṣoṣo tí wọ́n kó lé e lọ́wọ́ ní ọsibítù,
bó ṣe ń wá èkejì nínú oko fún ọjọ́ mẹ́ta.
Òjò dé, òjò lọ, Òsúntúyì tan àtùpà.

N ò ní purọ́, ooru náà ṣì ń wá.
Dókítà Adó fún un ní oògùn tirẹ̀,
ó ń lo méjèèjì, kò jẹ́ kí ọ̀kan gbọ́ nípa èkejì.
Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo délé,
mo bá ẹní kan lẹ́nu ọ̀nà, onígun-mẹ́rin,
dúdú lórí àwọ̀ koríko gbígbẹ,
kò tíì parí, kò tíì ní orí.
N ò béèrè nǹkan kan.
Àgbébọ̀ wa ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé,
ó dé etí ẹní, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè,
kò gbé e sílẹ̀.